Ọ̀rọ̀ Tí Ọ̀gá Gbé Sórí Tábìlì

Bàbá mi,

N kò ní béèrè bí ibẹ̀ ṣe rí. Inú ń bí mi sí yín, òun ló jẹ́ kí n mú bírò.

Ẹ rántí bírò pupa tí ẹ máa ń fi há etí? Ìwé ìkéde ṣọ́ọ̀ṣì ni o, pátákó oníbúrẹ́dì ní Ilo-Awela ni o, káàdì ìsìnkú ẹni ẹlẹ́ni pàápàá, kò sí èyí tí ẹ kì í fi pupa tọ́ àṣìṣe inú ẹ̀. Ẹ ní Gẹ̀ẹ́sì ọba nìkan ni Gẹ̀ẹ́sì, játijàti ni ti Amẹ́ríkà. Mo kọ "color" láìfi "u" sí i lẹ́ẹ̀kan péré, pàṣán lẹ fi dá mi lóhùn. Bẹ́ẹ̀, "more grease to your elbow" lẹ̀yin náà fi ń kí gbogbo ayé. Mo ti wá mọ̀ pé "power" làwọn tó ni èdè ń sọ, kì í ṣe gírísì. Ta ló na ẹ̀yin?

Ẹ gbọ́ ohun tí Gẹ̀ẹ́sì yín fà. Èmi ni akọ̀wé àwọn òṣìṣẹ́ nílé-iṣẹ́ ike tí mo wà ní Sango. Irin tó bo abẹ lára ẹ̀rọ tó ń gé ike ti já kúrò. A kọ̀wé sí ọ̀gá tuntun, ọmọ Yorùbá tó kàwé ní Amẹ́ríkà, pé bí wọn kò bá tún un ṣe, a ò ní fọwọ́ kan ẹ̀rọ náà mọ́. Ó fi lẹ́tà fèsì pé òun ti "table" ọ̀rọ̀ náà.

Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé ẹni tó bá "table" ọ̀rọ̀, ó gbé e kalẹ̀ kí wọ́n lè jíròrò lé e ni. Mo dìde lásìkò ìsinmi ọ̀sán, mo ka lẹ́tà náà, mo túmọ̀ ẹ̀ fáwọn èèyàn mi tìgbéraga-tìgbéraga. Mo ní kí wọ́n ṣe sùúrù, kí wọ́n máa ṣiṣẹ́ lọ, àwọn ọ̀gá ti fẹ́ jókòó lé e. Àṣé lẹ́nu àwọn ará Amẹ́ríkà, ẹni tó bá "table" ọ̀rọ̀, ó ti pa á tì ni.

Lọ́sẹ̀ kejì, ẹ̀rọ náà gé ìka mẹ́ta lọ́wọ́ Sikírù, ẹni tó kọ́ mi níṣẹ́.

Gbogbo wọn ń ṣépè fún ọ̀gá pé òpùrọ́ ni. Èmi nìkan ló mọ̀ pé kò parọ́. Ọ́fíìsì ẹ̀ kò jìnnà, mi ò kàn lọ béèrè ni. Nílé yín, ta ló béèrè ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ rí tí ẹ kò fọ́ létí? Kí ló dé tí ẹ sọ "n kò mọ̀" di ẹ̀ṣẹ̀ mọ́ wa lẹ́nu?

Lánàá, mo lọ bá Sikírù nílé ẹ̀ ní Ijoko, mo jẹ́wọ́. Ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í ròyìn yín fún un, pàṣán yín, ìfọ́tí yín, gbogbo ẹ̀. Ó wo ọwọ́ ẹ̀ tí wọ́n fi báńdéèjì wé, ó ní, "Àbúrò, bàbá ẹ ti kú tipẹ́. Ìwọ lo ka lẹ́tà yẹn fún mi."



Èmi ni,
ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, tí inú ṣì ń bí.