Kúẹ́rì Tó Ń Falẹ̀

Ọpẹ́dayọ̀ ọmọ mi, mo kí ẹ, okun o. Okun iṣẹ́, okun àìsinmi. Ọlọ́run tó mú ẹ dé Àbújá kò ní jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ yọ̀ níbẹ̀. Àlàáfíà la wà, àfi bàbá rẹ. Òjò ti dé sí Kábà, gbogbo ayé ti ń kọ ebè, oko tiwa nìkan ló ṣì jẹ́ igbó.

Ọmọ́yẹlé ẹ̀gbọ́n rẹ jíṣẹ́ tí o rán an lórí fóònù, pé o kò lè wálé, pé kúẹ́rì tó wà lọ́wọ́ rẹ ń falẹ̀, àwọn ọ̀gá sì ń dà ẹ́ láàmú. Háà, Dayọ̀! Kí lo ṣe fún wọn? Mi ò bí olè, mi ò bí ọ̀lẹ. Bàbá rẹ ṣiṣẹ́ ìjọba títí ó fi fẹ̀yìn tì, kúẹ́rì kan ṣoṣo ló gbà, nígbà tí ewúrẹ́ wa jẹ fáìlì, ọjọ́ náà gan-an ló sì fèsì, tó dọ̀bálẹ̀. Kúẹ́rì kì í ṣe ohun à ń fi falẹ̀. Ẹni tó mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi kì í pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀.

Ọmọ́yẹlé ń rẹ́rìn-ín, ó ní kì í ṣe irú kúẹ́rì yẹn. Ó ní ìbéèrè ni ẹ máa ń bi kọ̀ǹpútà, pé bí kò bá ní atọ́ka tó ń júwe ibi tí orúkọ wà, á máa yẹ orúkọ gbogbo èèyàn wò lọ́kọ̀ọ̀kan láti ìbẹ̀rẹ̀ kó tó kan ẹni tó ń wá, ìwọ lo sì ń tún un ṣe kó lè yá. Mo mọ̀ pé àṣírí rẹ ló ń bò.

Àmọ́ ọ̀rọ̀ yẹn pa mí lẹ́kún, torí bí bàbá rẹ ṣe ń ṣe nìyẹn lórí bẹ́ẹ̀dì. Kò lè pe orúkọ rẹ tààrà mọ́. Á bẹ̀rẹ̀ látorí Olúwagbémiga àkọ́bí wa tó kú, á pe Cecilia, á pe John, á pe Ọmọ́yẹlé tó jókòó tì í, oorun á sì ti gbé e lọ kó tó kan ìwọ àbígbẹ̀yìn. Bó bá jí, á tún bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rù ń bà mí, ọmọ mi, oorun yẹn ti ń pọ̀ jù.

Bí wọ́n bá ní o jẹ̀bi, sáà gbà pé o jẹ̀bi. Owó oògùn ti tán, owó epo náà ti tán, ṣùgbọ́n má fi ránṣẹ́ sí báńkì, ọwọ́ ara rẹ ni kí o fi mú un wá. Ọ̀nà kò ní dí mọ́ ẹ, o kò ní pàdé agbako, ọmọ tìrẹ náà yóò jẹ́ ìpè rẹ.

Tí o bá dé, má dúró kí ẹnikẹ́ni níta, èmi ni mo ní kí o má kí wọn. Wọlé tààrà, kí o di ọwọ́ bàbá rẹ mú, kí o sọ fún un pé ìwọ Dayọ̀ ni, kó má wá ẹ mọ́.

Èmi ìyá rẹ,
Lucy