Màmá Aránṣọ, Tó Ń Bá Rédíò Wí

Ọdún 1941 ni wọ́n bí ìyá wa, tí gbogbo àdúgbò mọ̀ sí Màmá Aránṣọ, nínú ilé oníyàrá méjì kan lẹ́yìn ibùdókọ̀ ojú irin. Káfíńtà ni baba wọn. Ìyá wọn ń fọ aṣọ ilé ìwòsàn. Màmá ni àkọ́bí. Nígbà tí àìsàn dá baba wọn dùbúlẹ̀ ní 1950, àwọn ni wọ́n yọ kúrò níléèwé, ní ìwé kejì, kí àwọn àbúrò lè máa lọ. Wọ́n wá lọ kọ́ iṣẹ́ aránṣọ.

Ní 1961 wọ́n fẹ́ bàbá wa, awakọ̀ ojú irin, ẹni jẹ́jẹ́. Rédíò ni bàbá rà fún wọn, wọ́n sì gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ. Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, olùkọ́ kan máa ń kọ́ àwọn àgbàlagbà ní ìwé lórí rédíò orílẹ̀-èdè. Màmá ń fi ẹfun ìránṣọ kọ A, B, D sórí tábìlì, wọ́n á sì nù ún kí oníbàárà tó dé. Lẹ́tà àkọ́kọ́ tí wọ́n fọwọ́ ara wọn kọ, ní 1968, ilé iṣẹ́ rédíò yẹn ni wọ́n kọ ọ́ sí. Wọn ò dúpẹ́ níbẹ̀. Wọ́n ní aago ìròyìn ń fi ìṣẹ́jú mẹ́ta pẹ́, oníbàárà àwọn sì ti pàdánù ọkọ̀ nítorí rẹ̀.

Látìgbà náà, orúkọ ìlú tí wọ́n pè lódì, orin tí wọ́n gé láàárín, Màmá kì í jẹ́ kó kọjá. Ní 1983, olóòtú kan fèsì pé, "Màmá, ẹ ò ṣe yí rédíò yín síbòmíràn?" Wọ́n kọ̀wé padà pé, "Ọmọ mi ni mò ń bá wí. Tẹlòmíràn ò kàn mí."

Ní 2004, àwọn aláṣẹ fẹ́ ti ẹ̀ka rédíò náà tó wà nílùú wa pa. Nínú ìpàdé, ọ̀gá kan tó ti gbọ́ nípa àwọn lẹ́tà náà ní kí Màmá wá jẹ́rìí pé rédíò náà kò wúlò. Wọ́n dìde, wọ́n ní, "Òótọ́ ni gbogbo ohun tí mo kọ. Ṣùgbọ́n lọ́dún tí odò kún, ta ló sọ ọ̀nà tí a lè gbà jáde fún wa? Ta ló kọ́ mi ní ìwé tí mo fi ń bá wọn jà? Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́." Oṣù méjì lẹ́yìn náà, wọ́n kéde pé ẹ̀ka náà yóò dúró. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni Màmá tún kọ̀wé sí wọn, nípa ẹni tó ń ka ìròyìn ojú ọjọ́ bíi pé ajá ń lé e.

Nínú ìjọ, ọdún mọ́kànlélógún ni wọ́n fi rán aṣọ ẹgbẹ́ akọrin. Ìyá méje ni wọ́n kọ́ ní ìwé kíkà nínú ṣọ́ọ̀bù wọn. Mẹ́ta nínú wọn jókòó sáàárín wa lónìí.

Bàbá ti ṣáájú ní 1999. Màmá tẹ̀lé wọn ní 2023, lẹ́ni ọdún méjìlélọ́gọ́rin. Wọ́n fi ọmọ mẹ́rin sílẹ̀: nọ́ọ̀sì, olùkọ́, káfíńtà àti aránṣọ, pẹ̀lú ọmọ-ọmọ mọ́kànlá. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ-ọmọ ń ka ìròyìn lórí rédíò náà báyìí. Òun náà ti gba lẹ́tà ìbáwí méjì lọ́wọ́ Màmá, ó sì fi méjèèjì kọ́ ara ògiri ọ́fíìsì rẹ̀.

Màmá wa, ẹ sinmi jẹ́jẹ́ lọ́wọ́ Ẹlẹ́dàá yín. Ilé tí ẹ fi sílẹ̀ kò ní tú, ẹ̀kọ́ yín kò sì ní bọ́ sílẹ̀. Ẹ sùn un re o.