Ẹ Wá Bá Wa Sá Jáde Nínú Bàálù

Graciete, ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Jókòó kí o tó ka ìlà kejì. Mo ti ṣègbéyàwó. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé tí mo ti fi ọ̀rọ̀ yìí sábẹ́ ahọ́n, kò sì sí oúnjẹ tó gba ibẹ̀ kọjá dáadáa. Hermínio ni ọkọ mi, Hermínio olórí panápaná pápá bàálù wa níbí, ẹni tó máa ń fi omi ọkọ̀ panápaná wọ́n yín nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí ẹ bá ti ilé ìwé dé. Ìyàwó rẹ̀ ti kú, bàbá rẹ náà ti kú, ibi ìsìnkú àwọn ẹlòmíì la ti ń pàdé, títí ó fi bi mí bóyá a ò lè máa pàdé níbòmíì. Ọkọ mi. Mo tún un kọ nítorí ó dùn mọ́ mi láti kọ ọ́: ọkọ mi.

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ìwọ àti Valdemar ọkọ rẹ. Mo gbàdúrà pé kí àpótí irin tó ń gbé yín gòkè lọ sílé yín ní Lisbon má gbàgbé yín sáàárín ọ̀nà, kí ọ̀gá yín máa fi ojú rere wò yín, kí ẹja tí ẹ ń rà níbẹ̀ má sì jẹ́ èyí tó ti rìnrìn àjò jù yín lọ. Bí ẹ bá ń bèèrè wa, àlàáfíà ni. Màlúù funfun ti bí, akọ ni. Orúnkún ń dun Fádà, nítorí náà ìwàásù ti kúrú, a sì ń dúpẹ́.

Fádà ló so wá pọ̀ ní ìdájí ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin àti ọkùnrin tó ń lu aago ṣọ́ọ̀ṣì ni ẹlẹ́rìí. Aṣọ dúdú ni mo wọ̀ wọlé, aṣọ dúdú ni mo wọ̀ jáde, kí ẹnikẹ́ni má baà fura. Mo fi í pamọ́ nítorí Délio ẹ̀gbọ́n rẹ ti sọ láti Toronto pé aṣọ dúdú opó ni iyì rẹ̀. Ìwọ ò sọ nǹkan kan ní tìrẹ, ìyẹn gan-an ló sì bà mí lẹ́rù jù. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé tí o bá fi fóònù tó ń fojú hàn pè mí, ère Àǹtóníò Mímọ́ ni mo máa ń kọjú rẹ̀ sí, tí mo ń sọ pé ojú ń dun fóònù. Hermínio ló jókòó lódìkejì tábìlì, tó ń mu ọbẹ̀ láìjẹ́ kí ṣíbí dún.

Wàá bi mí pé kí ló wá dé tí mo fi ń sọ ọ́ lónìí. Cagarra ni. Má rò pé ẹyẹ òkun tó ń ké bí ọmọ ọwọ́ lórí òkè wa ni mo ń wí. Ilé iṣẹ́ bàálù tuntun ni, tí àwọn ọmọ ilẹ̀ wa méjì tó ti Canada darí wálé fẹ́ dá sílẹ̀. Wọ́n ra bàálù kan, wọ́n ya ẹyẹ náà sí ìrù rẹ̀, yóò sì máa ti Santa Maria, erékùṣù wa níbí, sọdá òkun lọ sí Toronto tààrà, láìyà síbì kankan. Ìwọ náà mọ ohun tí ìyẹn jẹ́ fún mi. Délio ní bàálù mẹ́ta lòun gbọ́dọ̀ wọ̀ kí òun tó dé ọ̀dọ̀ wa, pé owó rẹ̀ ju agbára òun lọ, ìyẹn ni mi ò fi tíì gbé ọ̀kankan nínú àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì rí. Ó ti ṣèlérí pé bí Cagarra bá fò kí ọdún Ẹ̀mí Mímọ́ tó dé, òun, ìyàwó rẹ̀ àtàwọn ọmọ ni yóò kọ́kọ́ wọ̀ ọ́ wálé. Mo ti tẹ́ bẹ́ẹ̀dì wọn.

Ọkọ mi ti fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n Cagarra pè é kó wá kọ́ àwọn ọ̀dọ́ tí yóò máa ṣiṣẹ́ nínú bàálù bí wọ́n ṣe ń kó èèyàn jáde tí iná bá ṣẹ́ yọ. Ó fẹ́ràn iṣẹ́ náà débi pé ó ń ṣí ilẹ̀kùn lójú oorun. Kí ìjọba tó fún wọn níwèé àṣẹ, aṣàyẹ̀wò kan gbọ́dọ̀ dán wọn wò: wọ́n á kó èèyàn kún inú bàálù lórí ilẹ̀, wọ́n á pa iná, gbogbo wọn sì gbọ́dọ̀ jáde láàárín ìṣẹ́jú kan àti ààbọ̀. Àwa ará abúlé ni Hermínio kó wá.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ ìdánwò, èmi náà ò káwọ́ lẹ́rán. Mo rí àwòrán bàálù kékeré kan nínú fóònù mi, mo mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé Cagarra ti dé ibẹ̀, mo sì tẹ̀ ẹ́ kí wọ́n lè mọ̀ pé ẹ̀yìn wọn ni mo wà. Ó tàn yanran.

Wọ́n ní ká wọ aṣọ tí a máa ń wọ̀ rìnrìn àjò, nítorí náà aṣọ ọjọ́ Ìsinmi la wọ̀. Wọ́n ní ká má mú ẹrù, a gbọ́, búrẹ́dì dídùn àti wàràkàṣì fún obìnrin aṣàyẹ̀wò nìkan la mú, torí ta ló ń lọ pàdé àlejò lọ́wọ́ òfo? Dona Filipa lorúkọ obìnrin náà, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó di aago kékeré kan mú. Ó gbé ọmọlangidi kan fún mi pé kí n ṣe bí ẹni pé ọmọ mi ni. Mo béèrè orúkọ rẹ̀, ó ní kò ní. Mo sọ ọ́ ní Graciete.

Bí wọ́n ṣe pa iná báyìí, ìwọ náà mọ ohun tí à ń ṣe lórí erékùṣù yìí tí iná bá lọ. Bàbá Laureano gbé rósárì, gbogbo wa jókòó padà, a sì ń dáhùn. Àwọn ọmọbìnrin òṣìṣẹ́ bàálù ń pariwo pé ká jáde, ká fi gbogbo nǹkan sílẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọ wa ṣáà ni wọ́n, nígbà tó dé “Màríà Mímọ́, Ìyá Ọlọ́run”, àwọn náà dáhùn. Ta ni yóò já rósárì sáàárín? Ìgbà tí Hermínio ké pé iná ti ń jó ìjókòó la tó dìde. A dé ẹnu ilẹ̀kùn, Bàbá Laureano ní kí obìnrin ṣáájú. Deolinda, ìyá ìsàmì rẹ, ní kò sóhun tó jọ ọ́, àgbà ló ń ṣáájú. Bàbá ní òun ò ní kọjá níwájú Deolinda láé, Deolinda ní kí Ọlọ́run má jẹ́ kí òun rí ọjọ́ tí òun yóò kọ ẹ̀yìn sí Bàbá. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń bọlá fún ara wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn títí tó fi jẹ́ pé èmi tó wà lẹ́yìn wọn ló kàn.

Rọ́bà gígùn kan ló wà lẹ́nu ilẹ̀kùn, tí wọ́n fi afẹ́fẹ́ kún, orí rẹ̀ lèèyàn á ti yọ̀ dé ilẹ̀. Mo bi Hermínio tó dúró ti ilẹ̀kùn pé òun ńkọ́. Ó ní òun ni yóò gbẹ̀yìn, òfin ni. Graciete, mi ò mọ ohun tó gbé mi. Ọmọlangidi wà láyà mi, òkùnkùn bò wá, mo gbàgbé pé ìdánwò ni. Mo di apá rẹ̀ mú, mo sì sọ ọ́ ketekete:

“Mo ti sin ọkọ kan. Mi ò ní fi ìkejì sílẹ̀ sínú òkùnkùn yìí.”

Àwọn tó ṣì ń gbàdúrà lẹ́yìn já rósárì sáàárín. Deolinda ló kọ́kọ́ béèrè.

“Ọkọ wo, Leonilde?”

“Èmi ni, ìyá,” Hermínio dáhùn, bí ẹni tí wọ́n bi pé ta ló ni kẹ̀kẹ́ yìí. “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fò.”

Mo fò. Mo yọ̀ lórí rọ́bà náà tòun ti aṣọ dúdú mi, mo sì ń rẹ́rìn-ín láti òkè dé ilẹ̀. Àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn ò kúrò nídìí rọ́bà, wọ́n dúró láti fẹnu kò mí ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, ọ̀nà sì dí. Deolinda kọ́kọ́ bú mi kó tó sunkún. Ó ní odindi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ń yá iyọ̀ lọ́wọ́ òun tí mi ò sọ pé ọkùnrin ló ń jẹ ẹ́.

Dona Filipa wo aago rẹ̀, ó wò wá, ó jẹ búrẹ́dì wa, ó yìn ín, ó sì ní a kùnà. Mo ní gbogbo wa ṣáà jáde, kò sẹ́ni tó kú, a sì tún rántí òun nínú àdúrà. Ó ní tó bá jẹ́ iná gidi ni, ọ̀run la ti máa parí àdúrà náà. Ó fún Cagarra láyè ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo sí i. Bí ìyẹn náà bá bàjẹ́, àwọn tó ni bàálù ti sọ pé àwọn yóò tà á. Délio ò ní wá nìyẹn, àwọn ọmọ rẹ̀ á sì máa dàgbà lọ nínú fóònù.

Èyí tó wá le jù ni pé ẹni tó bá ti ṣe é ò lè tún un ṣe títí oṣù mẹ́fà á fi kọjá, torí ó ti mọ ọ̀nà. Gbogbo abúlé ló sì ti ṣe é. Hermínio ní bí òun bá kó ará abúlé kejì wá, rósárì kan náà ni wọ́n ń gbà. Ó ní èèyàn tí kì í dúró de ẹnikẹ́ni lòun ń wá. Ó káwọ́ lérí. Èmi ni mo rántí yín.

Ṣé o rántí ìgbà tí mo wá kí yín ní Lisbon, tí a wọ ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀? Ilẹ̀kùn ò tíì ṣí tán tí gbogbo ayé ti ya jáde. Obìnrin kan fi ìgúnpá gún mi níhà, kò kí mi, kò tilẹ̀ mọ̀ pé mo wà láyé. Mo sunkún lọ́jọ́ yẹn. Ọmọ mi, mo ti dárí jì í. Bí o bá mọ̀ ọ́n, mú un wá. Mú Valdemar wá, ẹni tó máa ń bu ọbẹ̀ ká tó ṣàdúrà, mi ò mọ̀ pé ẹ̀bùn Ọlọ́run ni. Mú àwọn ará ibi iṣẹ́ rẹ tó máa ń já ìlà níwájú rẹ wá, kí ẹ tó ogójì. Cagarra ni yóò san owó ọ̀nà, Deolinda yóò sì se ọbẹ̀ ẹran.

Mo mọ̀ pé ìròyìn ìgbéyàwó mi ti dé ọ̀dọ̀ yín, torí láti ọjọ́ ìdánwò yẹn ni fóònù mi ò ti dún mọ́. Ìwọ ò pè, Délio ò pè. Deolinda pàápàá ní òun pè títí kò wọlé, mo mọ̀ pé inú ló ṣì ń bí i. Mi ò gbàgbé bàbá rẹ. Fọ́tò rẹ̀ ṣì wà lára ògiri, Hermínio ló tún ìṣó rẹ̀ kàn. Tí o bá ń bínú, máa bínú, mi ò ní kí o dákẹ́. Ṣùgbọ́n gbé ìbínú náà wá. Ẹni tó ń bínú sí ìyá rẹ̀ kì í jókòó gba rósárì nínú bàálù, á yára jáde ni.

Jọ̀ọ́, bá mi wá owó díẹ̀ fún aṣọ aláwọ̀ kan. Gbogbo aṣọ mi ló dúdú, ìyàwó tuntun ò sì lè máa rìn kiri bí ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ ọkọ tó jókòó tì í. O lè fi í sí báǹkì, ẹ̀rọ ara ògiri wọn tó ń pọ owó mọ ìwà hù. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ó bi mí bóyá mo fẹ́ ìwé ẹ̀rí owó, mo ní rárá, mo gbà á gbọ́.

Kí Ọlọ́run tó ṣílẹ̀kùn fún mi lọ́jọ́ ogbó má ti ìkankan mọ́ ọ, kí ẹsẹ̀ rẹ yá, kí ọ̀nà rẹ là. Èmi ni ìyá rẹ, Leonilde, ìyàwó Hermínio. Ọjọ́ Sátidé ni ìdánwò náà, ẹ wọ bàtà pẹlẹbẹ, kí gbogbo yín sì ti dé sílé wa ní ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù Kẹrin.