Iṣẹ́ tí Bọ̀dá Mufu Ń Ṣe ní Kàdúná

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú pé mo kọ̀wé sí yín. Mo mọ̀ pé àdúrà ni wọ́n ní ká máa fi ránṣẹ́ sí òkú, wọn kò ní ká kọ lẹ́tà. Àárín ìwé tí mo fi ń kọ iṣẹ́ kíláàsì ni mo ti já abala yìí, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ẹ̀yin kò fẹ́ kí èèyàn máa já ìwé. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀, ẹ fi orí jì mí. Mi ò rí ẹlòmíràn tí mo lè sọ ọ́ fún.

Mo ti wọ yunifásítì. Mo mọ̀ pé ìyẹn lẹ máa fẹ́ kọ́kọ́ gbọ́. Ọdún kìíní ni mo wà, níbí ní Minna náà. Láti ilé wa ní Keteren Gwari ni mo ti ń lọ lójoojúmọ́, nítorí Màmá kò fẹ́ kí n gbé inú ọgbà ilé-ìwé. Mi ò tíì lè sọ bóyá mo mọ̀wé tàbí mi ò mọ̀wé. Bí olùkọ́ bá béèrè nǹkan, mo máa ń mọ ìdáhùn rẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi kì í gòkè. Bí mo bá ka ojú ewé kan lẹ́ẹ̀mẹ́ta tí kò wọlé, mo máa ń pa ìwé dé, kí n máa ṣọ́ ara mi, bóyá bí ti Bọ̀dá Mufu ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ Bọ̀dá Mufu gan-an ni mo fẹ́ bá yín sọ.

Oṣù mélòó kan lẹ́yìn tí ẹ lọ, lẹ́tà kan dé láti ọ́fíìsì tó ń yá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lówó. Orúkọ yín ló wà lára rẹ̀, nítorí ẹ̀yin ni ẹ ṣe onídùúró fún Bọ̀dá nígbà tí wọ́n yá owó ìjọba fi parí ilé-ìwé. Lẹ́tà náà ní sísan owó ti dúró. Ó ní bí ẹnikẹ́ni kò bá wá ṣàlàyé, inú owó ìfẹ̀yìntì yín tí réluwé kò tíì san ni wọn yóò ti yọ ọ́. Èmi ni mo kà á fún Màmá. Wọ́n ń ṣa ẹ̀wà lọ́wọ́. Wọ́n ṣa ẹ̀wà yẹn tán pátápátá kí wọ́n tó la ẹnu.

"Owó yẹn nìkan ni bàbá ẹ fi sílẹ̀ fún wa. Lọ bá wọn sọ̀rọ̀. Ìwọ lo lọ sí yunifásítì."

Mo lọ. Obìnrin Nupe kan ló wà nídìí tábìlì, Hajiya ni gbogbo èèyàn ń pè é níbẹ̀. Hajiya gbọ́ Yorùbá dáadáa, nítorí ẹ̀gbẹ́ bárékè réluwé ló dàgbà sí. Ó fa fáìlì kan yọ, ó gbé bírò sókè, ó sì wò mí.

"To. Ẹ̀gbọ́n ẹ tó yá owó yìí, níbo ló wà báyìí?"

Bàbá, kí n tó ronú, ẹnu mi ti sọ ọ́.

"Wọ́n wà ní Kàdúná, mà. Wọ́n ń ṣiṣẹ́. Ara wọn le."

"Madalla!" Ó kọ ọ́ sílẹ̀. "Ṣé o rí i, ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́, á san. Ẹni tí àìsàn ò bá jẹ́ kó lè ṣiṣẹ́ la máa ń dá owó dúró fún, lọ́dọọdún, títí ara ẹ̀ á fi yá. Àìsàn orí náà wà níbẹ̀ o. Ìwé dókítà la máa gbà, kí ẹbí kan sì fọwọ́ sí i. Ṣùgbọ́n tìyín ò le. Sọ fún un kó máa san owó."

Ó yẹ kí n sọ òótọ́ fún un. Mo dúpẹ́, mo ní, "Na gode, Hajiya," mo sì jáde.

Ṣé ẹ rántí bí ẹ ṣe kọ́ mi? Mo wà ní kíláàsì kẹrin nígbà náà. Bọ̀dá ti parí ilé-ìwé, wọ́n ti lọ sin ilẹ̀ baba wọn gẹ́gẹ́ bí àgùnbánirọ̀, kò sì pé oṣù mẹ́ta tí wọ́n fi padà wálé pẹ̀lú bàtà ẹsẹ̀ kan, tí wọ́n ń bá ẹni tí a kò rí jiyàn. Ẹ gbé wọn lọ bá àlùfáà, wọ́n mu omi wàláà, wọ́n dákẹ́. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń gbé yàrá ẹ̀yìn, èyí tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ojú irin. Bí mo bá fẹ́ lọ lo ìsinmi lọ́dọ̀ Ìyá Ọ̀fà, ìyá tó bí yín, ẹ máa ń tún ọrùn aṣọ mi ṣe, ẹ ó húkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ẹ ó wá béèrè.

"Bọ̀dá ẹ ńkọ́?"

"Wọ́n wà ní Kàdúná, wọ́n ń ṣiṣẹ́, ara wọn le."

"Iṣẹ́ wo?"

"Ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ń hun aṣọ."

Bí mo bá kọsẹ̀ níbì kan, ẹ ó tún bẹ̀rẹ̀ láti òkè. Lẹ́yìn náà ni ẹ ó kó ọṣẹ tàbí ìborùn sínú báàgì mi, pé Bọ̀dá Mufu ló fi ránṣẹ́. Ìyá Ọ̀fà á fi ìborùn náà borùn lójú ẹsẹ̀, wọ́n á rọra máa rìn kọjá níwájú ilé gbogbo èèyàn. "Kàdúná ló ti wá o! Ọmọ mi ò gbàgbé mi!" Èmi á máa tẹ̀lé wọn lẹ́yìn. Èsì kan náà la ń fún àwọn ará àdúgbò wa. Mo mọ èsì yẹn ju Fátíhà lọ.

Ṣé ojú ló ń tì yín nítorí Bọ̀dá, àbí ẹ̀rù ìyà tí àwọn èèyàn máa fi jẹ wọ́n ló ń bà yín? Mo ti fẹ́ béèrè rí.

Lẹ́tà kejì dé. Ọ̀rọ̀ ẹnu mi ni wọ́n tẹ̀ síbẹ̀ ní kedere, pé níwọ̀n ìgbà tí ẹni tó yá owó ti ń ṣiṣẹ́ ní Kàdúná, kò sí ìdí láti dá owó dúró, àti pé àwọn máa bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ọ́ nínú owó yín. Mo sọ ohun tí mo ṣe fún Màmá. Mo rò pé wọ́n máa gbá mi létí. Mo tilẹ̀ fẹ́ kí wọ́n gbá mi.

"Ohun tí bàbá ẹ kọ́ ẹ náà lo sọ."

"Màmá, ẹ jẹ́ ká lọ sọ òótọ́. Ìwé dókítà ni wọ́n ń fẹ́."

"Ìwé kì í kú o. Bí wọ́n bá ti kọ ọ́ pé orí ń yọ ẹnì kan lẹ́nu nílé yìí, ta ni á wá tọrọ ẹ fẹ́ lọ́wọ́ mi?"

"Màmá, owó Bàbá ti ń bá irọ́ Kàdúná lọ."

Wọ́n wò mí. Ó dà bíi pé wọ́n fẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n imú nìkan ló rín in. Wọ́n dìde, wọ́n lọ fi áyọ́ọ̀nù lọ aṣọ funfun Bọ̀dá, èyí tí Bọ̀dá wọ̀ ní ọjọ́ tí wọ́n gba ìwé ẹ̀rí.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì ni àwa mẹ́ta jáde gba ẹnu ọ̀nà iwájú. Ìyá Talatu tó ń din kòsé, àkàrà àwọn Hausa, ní ìkòríta wa ló kọ́kọ́ rí wa. Ó ju ṣíbí rẹ̀ sílẹ̀.

"Ikon Allah! Mama Mufu, ṣé Mufu nìyí? Ìgbà wo ló ti Kàdúná dé?"

"Ó ti dé," ni Màmá wí. Wọn kò dúró.

Ní ọsibítù, a jókòó sórí bẹ́ǹṣì gígùn kan. Bọ̀dá ń ka àwọn tó wà níwájú wa. Lẹ́yìn náà wọ́n yíjú sí mi.

"Àbúrò, ilé-iṣẹ́ aṣọ lo sọ pé mo wà, àbí?"

Mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

"Mo máa ń gbọ́ ìwọ àti Bàbá látinú yàrá. O kì í ṣì í sọ. Orí ẹ pé." Wọ́n ń fọwọ́ ra orúnkún wọn. "Ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ yẹn ò dáa o. Gbogbo ọdún tí mo ti ń ṣiṣẹ́ fún wọn, wọn ò fún mi ní ìsinmi ọjọ́ kan."

Màmá rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn ẹ̀rín yẹn, mi ò mọ nǹkan kan lára mọ́. Ó rí bí ẹsẹ̀ tí èèyàn jókòó lé títí tó fi kú, tó jẹ́ pé bí ẹ já a léèékánná, ẹ kàn máa mọ̀ pé ẹsẹ̀ nìyẹn ni. Bó ṣe rí nínú mi nìyẹn títí di òní.

Dókítà béèrè ìgbà tó bẹ̀rẹ̀, Màmá sì dá a lóhùn. Gbogbo ohun tí a ti fi pa mọ́ láti ìgbà tí mo wà ní kíláàsì kẹrin, kò gbà wọ́n ju ìwọ̀nba ìgbà tí omi fi ń hó lọ. Dókítà fún wọn ní oògùn, ó sì kọ ìwé pélébé kan fún wa.

Ní ọ́fíìsì, Hajiya ka ìwé náà, ó sì wò mí lókè gíláàsì rẹ̀.

"Haba! Kì í ṣe ìwọ lo sọ fún mi pé Kàdúná ló wà? Èwo ni irọ́ níbẹ̀?"

"Ti Kàdúná ni irọ́, mà."

"Ta ló ní kó o parọ́ fún mi?"

Fáìlì wà ní ṣíṣí. Ibi tí ẹ fọwọ́ sí gẹ́gẹ́ bí onídùúró wà níwájú mi. Mi ò dárúkọ yín, Bàbá. Mo ní èmi ni.

Ó ń ṣí ìwé kọ̀ọ̀kan. "Àmọ́ kò yé mi. Bó bá ń ṣàìsàn látọjọ́ yìí, ta ló wá ń san owó tẹ́lẹ̀? Wò ó, oṣooṣù ni. Mufu ni orúkọ ẹni tó san."

Ó yí fáìlì sọ́dọ̀ mi. Rìsíìtì ni, ìkan lórí ìkan. Orúkọ Bọ̀dá ló wà lórí gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n lẹ́tà f tí ẹsẹ̀ rẹ̀ máa ń gùn wọ ìlà ìsàlẹ̀ yẹn, ọwọ́ ta ni bí kì í bá ṣe ọwọ́ yín? Èyí tó gbẹ̀yìn, oṣù tó ṣáájú èyí tí ẹ kú ni.

Mo wá mọ ìdí tí ẹ fi ta kẹ̀kẹ́ yín, tí ẹ ń fẹsẹ̀ rìn lọ sí àdúgbò Nassarawa. Ẹ ní ẹran kò wù yín mọ́, pé eyín ló ń dùn yín. A máa ń pín ẹran yín jẹ, èmi àti Bọ̀dá.

Ìwé pélébé kan ni ì bá dá gbogbo rẹ̀ dúró. Ṣé ẹ mọ̀? Ṣé ẹnikẹ́ni sọ ọ́ fún yín? Àbí ẹ mọ̀, tí ẹ sì rò pé ó sàn kí ẹ máa san án?

Hajiya lu òǹtẹ̀ lé ìwé dókítà. Wọn kò ní fọwọ́ kan owó yín, ṣùgbọ́n a gbọ́dọ̀ mú ìwé tuntun wá lọ́dọọdún. Níbi tí fọ́ọ̀mù ti béèrè ibi tí Bọ̀dá ń gbé, mo kọ Keteren Gwari. Níbi iṣẹ́, mo kọ pé kò sí. Mo fọwọ́ sí i nísàlẹ̀ ibi tí ẹ fọwọ́ sí. Ní ọ̀sán ọjọ́ náà mo lọ sí kíláàsì, mo sì da gbogbo ohun tó wà lójú pátákó kọ. Mi ò sunkún, Bàbá. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé kì í ṣe pé mi ò fẹ́.

Ohun kan tún kù. Ìgbà tí ẹ wà láyé, ẹ máa ń fi orín lu fèrèsé Bọ̀dá lẹ́ẹ̀mejì láàárọ̀, wọ́n á sì lu tiwọn lẹ́ẹ̀kan látinú yàrá kí ẹ lè mọ̀ pé wọ́n ti jí. Láti ìgbà tí ẹ ti lọ, kò sẹ́ni tó lù ú. Ṣùgbọ́n láràárọ̀ ni wọ́n ṣì ń lu tiwọn, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Mo ti ń gbọ́ ọ, n kò tètè mọ̀ pé ẹ̀yin ni wọ́n ń dá lóhùn. Èmi ni mo ń lù ú báyìí kí n tó lọ sí ilé-ìwé.

Bàbá, ẹ bá mi pa lẹ́tà yìí mọ́ lọ́dọ̀ yín. Ẹ má fi han ẹnikẹ́ni, pàápàá Ìyá Ọ̀fà. Wọ́n ṣáájú yín lọ, wọ́n sì fi gbogbo ẹnu gbàdúrà fún ẹni tó fi ìborùn ránṣẹ́ kí wọ́n tó lọ. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n rí i. Bí wọ́n bá béèrè Bọ̀dá Mufu lọ́wọ́ yín, ẹ kàn sọ fún wọn pé ọmọ wọn ti Kàdúná dé.

Èmi ni,
ọmọ yín tí ẹ kọ́ ní èsì, tó ṣì fẹ́ràn yín.