Ohun Tó Bá Yín Sọ Kẹ́yìn

Ẹ̀gbọ́n mi,

Ẹ kú àjò o. Ṣé dáadáa ni ọkọ yín àtàwọn ọmọ wa wà? Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí ẹ fi ránṣẹ́ ti dé, Màámi sì ń lò ó. Láti ọjọ́ tí sójà méjì ti wá sọ fún wa pé ogun ti pa àbúrò wa, àràárọ̀ ni Bàámi ń gbá iwájú ilé, bí ẹni ń retí àlejò. Ẹ bá mi ra abẹ́rẹ́ máṣíìnì, tèmi ti ṣẹ́ tán.

Ẹ̀gbọ́n mi, mi ò ní purọ́: mò ń jowú yín. Èmi ni mo pọn àbúrò wa dàgbà, síbẹ̀ ẹ̀yin ló bá sọ̀rọ̀ kẹ́yìn. Gbogbo ẹni tó bá wá kí wa ni Màámi ń sọ ọ́ fún, ó sì ń ta mí lára.

Ṣùgbọ́n èmi ló kọ́kọ́ pè lọ́jọ́ tó bá yín sọ̀rọ̀ yẹn. Nígbà tó wálé kẹ́yìn, ó fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ lójú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé ẹsẹ̀ kan ṣòkòtò tí mo rán fún òun gùn ju ìkejì lọ. Inú ṣì ń bí mi. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló pè, mi ò gbé e.

Ọlọ́run á mú yín wálé bá wa láyọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, kí ló sọ nípa mi? Bó bá bú mi, ẹ má dín in kù. Ẹ kọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́ gan-an. Èébú yẹn, tèmi ni.

Àbúrò yín, aránṣọ