Èwo Ni Kí N Mú Nínú Ìbọn Méjèèjì?

Ẹ kú ilé o, Bàbá mi. Ó tó ọjọ́ mẹ́ta kan. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja láti Ìsàlẹ̀ Èkó níbí. Ìyá mi, ẹ kú ìtọ́jú Bàbá. Ẹ̀gbọ́n mi Fúnkẹ́, ẹ kú ìrìn Èkó. Mo mọ̀ pé Tíṣà ilé kejì ni yóò ka lẹ́tà yìí sí yín létí, gbogbo àdúgbò á sì gbọ́. Tíṣà, ẹ rọra kà á, ẹ má fi kún un.

Bàbá, ẹ ní kí n wá ìbọn tó ń ki ara rẹ̀ fún yín, kó jẹ́ kúkúrú, nítorí igbó dí, ìtàkùn sì pọ̀. Ẹ ní èmi ni kí n yàn án, torí ibi tí wọ́n ti ń ta ìbọn ọdẹ tí wọ́n sì ń tún un ṣe ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ó ku méjì lórí tábìlì Àlàájì, ọ̀gá mi: ọ̀kan kúkúrú, èkejì gùn jù ú lọ.

Bí ẹ bá yìn ín, èéfín gbígbóná tó ń ti ọta jáde á gba ihò kékeré kan lára ọ̀pá ìbọn, á ti irin sẹ́yìn kí ọta mìíràn lè wọlé. Nínú èyí kúkúrú, ihò yẹn sún mọ́ ìdí ọ̀pá, níbi tí èéfín ti ṣì ń bínú. Ó ń gbá irin náà gbàù, èjìká yín á sì gbọ́ ọ. Ti èkejì wà níwájú sí i, lápá àárín ọ̀pá. Kí èéfín tó débẹ̀, ara rẹ̀ ti ń wálẹ̀. Mo dán méjèèjì wò. Èyí kúkúrú mú mi ké yéè! Èkejì, ṣe ni mo tún fẹ́ yìn ín sí i.

Òótọ́ ni pé ìdọ̀tí kì í tètè dá èyí kúkúrú dúró. Èkejì kò fẹ́ ìdọ̀tí rárá. Bí ẹ bá fi àdín pa á bí ẹ ṣe ń pa ṣakabùlà yín, àdín á jóná mọ́ ihò yẹn, ìbọn á dákẹ́. Ọdẹ ará Ọ̀yọ́ kan gbé tirẹ̀ wá, ó ń ṣépè fún àwọn ọ̀tá ilé. Àdín ni mo họ kúrò níbẹ̀! Ó ní bí bàbá òun ṣe ń ṣe é nìyẹn. Mo ní bàbá tèmi náà ni. A rẹ́rìn-ín títí, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Bàbá, mo dá wà níbí. Ẹ má sọ pé Èkó kún. Ní Ẹnu Ọ̀wá tí mo ń gbé, ilẹ̀kùn kọjú sí ilẹ̀kùn, kò sì sẹ́ni tó ń bi mí bóyá mo jẹun. Òjò ń rọ̀, irin ń dípẹtà. Àwọn oníbọn Ìkòyí ń ròyìn ẹyẹ tí wọ́n pa fún Àlàájì, wọn kì í wojú mi. Lọ́jọ́ Sunday, bí ṣọ́ọ̀ṣì bá parí, kálukú á bá ẹbí rẹ̀ lọ. Èmi á ra búrẹ́dì, màá wọlé, màá ti ilẹ̀kùn. Ó ń dùn mí gan-an.

Mo ti kọ́kọ́ mú èkejì fún yín, nítorí èjìká yín tó yẹ̀ nígbà tí ẹ ṣubú lórí àpáta. Mo ń wá awakọ̀ tí yóò gbé e. Àlàájì fi mí rẹ́rìn-ín, ó ní ìbọn kì í ṣe iṣu, pé èmi fúnra mi ni mo gbọ́dọ̀ mú un délé pẹ̀lú ìwé àṣẹ.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ẹ̀gbọ́n mi kó iṣu wá sí Èbúté Èrò. Mo bi í léèrè nípa èjìká yín. Ó wá ní láti ìgbà ọyẹ́ ni ẹ ti fi ṣakabùlà yín fún àbúrò yín, pé apá yín kò ròkè mọ́, pé ẹ kì í lọ sígbó mọ́, iwájú ilé lẹ máa ń jókòó sí, tí ẹ̀ ń wo títì. Mo ní kí wá ni ẹ fẹ́ fi ìbọn tuntun ṣe? Ó ní kí n bi ara mi pé ta ni yóò gbé ìbọn láti Èkó dé Èkìtì.

Háà, Bàbá! Ọdẹ ni yín lóòótọ́. Ẹ dẹ tàkúté sílẹ̀, ọmọ yín ni ẹ fẹ́ mú. Mo sunkún lójú àwọn aláàárù, ojú kò tì mí. Ẹ kò lè sọ pé ẹ fẹ́ rí mi. Èmi náà kò lè sọ pé mo fẹ́ wálé láìrí ohun tí mo máa gbé dání.

Mo ti dá ìbọn méjèèjì padà sínú àpótí. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni mò ń bọ̀. Ẹ kí gbogbo ilé. Kí Ọlọ́run bá mi dá yín sí títí n ó fi dé. Ẹ má retí ẹrù kankan lọ́wọ́ mi o.

Èmi ni ọmọ yín.