Nọ́ńbà Inú Àwòrán Ọmọ

Àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ. Mo lérò pé ara rẹ le, àti pé ojú tí o fi ń ya fọ́tò jẹun ṣì ń ríran kedere. Àlàáfíà ni èmi wà. Adúmáadán, àbúrò wa, àti ọmọ ọwọ́ rẹ̀ náà wà láàyè, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe nípa ìsapá tìrẹ.

Nígbà tí Adúmáadán sá kúrò lọ́dọ̀ ọkọ rẹ̀ pẹ̀lú apá tó kán, èmi àti ìwọ nìkan ló mọ yàrá tí mo gbé e pamọ́ sí. O wá kí ọmọ. O ń ké bí ewúrẹ́ kí ó lè rẹ́rìn-ín, o sì yà á ní fọ́tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ọ̀sẹ̀ yẹn kò tíì parí tí ọkọ rẹ̀ fi ń ta ilẹ̀kùn ní ìpá: "Ṣí i! Mo mọ̀ pé o wà níbẹ̀!" Adúmáadán fẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn, ó fi ọmú dí ọmọ lẹ́nu kí ó má baà ké, títí àwọn aládùúgbò fi jáde.

Mo pè ọ́. O ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú, àwọn ẹbí ni mo fi fọ́tò yẹn hàn. Kámẹ́rà ló kọ ibẹ̀ sínú rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ṣé ẹ̀rọ mọ àṣírí ni?"

Mo gé ìpè náà. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ wíwọn ilẹ̀ ni mo kọ́ ní Pólì. Èmi náà ni mo kọ́ ọ bí a ṣe ń fi nọ́ńbà tí máàpù fi ń tọ́ka ibi tí a ti ya fọ́tò sínú rẹ̀, nígbà tí ọkọ Adúmáadán gbà ọ́ síṣẹ́ láti máa ya àwọn ilé tó ń tà. Kámẹ́rà ògbólógbòó rẹ yẹn kò mọ ibi tí òun wà. Ẹni tó bá fẹ́ nọ́ńbà nínú fọ́tò rẹ̀ ní láti jókòó, kí ó fi ìka ara rẹ̀ tẹ̀ ẹ́.

Síbẹ̀, èmi kì í fa ààlà láìwọn ilẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Mo ya fídíò ọmọ níbi tó ti ń sín, mo tẹ nọ́ńbà ibòmíràn sínú rẹ̀, mo sì fi ránṣẹ́ sí ìwọ nìkan ṣoṣo. Mo ní, "Yàrá wa tuntun rèé. Má fi han ẹnikẹ́ni." O fèsì pé, "Ẹ fọkàn balẹ̀, ó bò lọ́dọ̀ mi."

Ẹ̀yìnkùlé àgọ́ ọlọ́pàá ni nọ́ńbà náà.

Ọkọ rẹ̀ dé ibẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì, tòun ti irin lọ́wọ́. Ọlọ́pàá tí ẹjọ́ wa wà lọ́wọ́ rẹ̀ ní, "Ọ̀gá, ẹ wọlé, a ti ń retí yín." Wọ́n ti tì í mọ́lé. Nínú fóònù rẹ̀ ni a ti rí fídíò náà, àti ohun tí o kọ sábẹ́ rẹ̀: "Ọ̀gá, ẹ rọra o, ẹ má jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé èmi ni."

O máa ní ó kàn fẹ́ rí ọmọ rẹ̀ ni. Ta ní í gbé irin lọ kí ọmọ? Àwọn àgbà ní bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani. Èmi ni n kò mọ̀ pé ikú ilé a máa gbé kámẹ́rà kọ́rùn.

Kí Ọlọ́run dá ọ sí. Kí ilẹ̀kùn tí o bá tì máa tì dáadáa, kí Ọlọ́run má sì fún ọ ní arákùnrin tó jọ ọ́.

Èmi ni,
Ẹ̀gbọ́n rẹ tó pọ̀n ọ́ dàgbà.

Àfikún: Àánú rẹ ṣì ń ṣe Adúmáadán, ó ní kí n fi fọ́tò ọmọ kan ránṣẹ́ sí ọ. Orí pépà ni mo tẹ̀ ẹ́ sí. Wo iwájú rẹ̀, kí o wo ẹ̀yìn rẹ̀: ọmọ nìkan ló wà níbẹ̀.